Fáìsì Bàbá Mi: Bí Ìtàkùn Irin Ṣe Dé Ilé Iṣẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ irin ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tí ó bá bá mi dé òpin rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ èdè náà kò ṣàìsí níbẹ̀.

Nígbà tí ó pé ọdún mọ́kànlá tí bàbá mi ti papòdà, àwa ọmọ rẹ̀ péjọ sí ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn láti palẹ̀ ẹrù mọ́, nítorí pé òrùlé yàrá tí ó fi ṣe ilé iṣẹ́ ti fẹ́ wó. Ọkùnrin kan tí ó ń ra irin àlòkù ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó ti gbé férémù kẹ̀kẹ́ kan àti ìkòkò irin méjì sórí ọmọlanke rẹ̀. Ohun tí ó kàn láti gbé ni fáìsì bàbá mi. Ìpẹtà ti bò ó títí tí ó fi dà bí òkúta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú jáde nínú ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yí mọ́. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ tì í, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ti kú. Ìwọ̀n irin lásán ni n ó fi rà á lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ. Èmi ni mo gba fáìsì yìí ní ọjọ́ tí a pín ogún. Èmi náà ni mo fi í sílẹ̀ sábẹ́ òrùlé tí ó ń jò, tí mo ní n óò padà wá gbé e. Òjò ọdún mọ́kànlá ni ó rọ̀ lé e lórí.

Mo ní kí ọkùnrin náà sọ ọ́ kalẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, fáìsì ni irin ẹlẹ́nu méjì tí àwọn fítà, mẹkáníìkì, jórinjórin àti káfíńtà máa ń dè mọ́ orí tábìlì iṣẹ́ wọn. Ẹnu kan dúró gbọn-in, èkejì ń lọ, ó ń bọ̀. Bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀, ẹnu méjèèjì á súnmọ́ ara wọn, wọn á sì di ohunkóhun tí ó bá wà láàárín wọn mú ṣinṣin, kí oníṣẹ́ lè fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe.

KÍ FÁÌSÌ TÓ DÉ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ìṣòro tí òwe yìí sọ ni ìṣòro gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ nǹkan, tí ó fẹ́ rẹ́ nǹkan, tàbí tí ó fẹ́ lu nǹkan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ta ni yóò bá mi di nǹkan yìí mú?

Àwọn baba wa ní ìdáhùn tiwọn. Ní ilé àgbẹ̀dẹ, ẹmú ni ó ń di irin gbígbóná mú. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń fẹ́ ewìrì, tí irin sì ti pọ́n nínú iná, alágbẹ̀dẹ á fi ẹmú yọ ọ́, á gbé e síbi tí ọmọ owú yóò ti bá a. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ọ̀rọ̀-ìṣe *mú* kò fara pamọ́ nínú *ẹmú*. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni orúkọ rẹ̀ ń sọ. Agbẹ́gilére kì í lo ẹmú ní tirẹ̀. Á jókòó sílẹ̀, á na ẹsẹ̀, á sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì há igi mọ́lẹ̀ kí ó tó máa gbẹ́ ẹ. Bí iṣẹ́ bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ iṣẹ́ ni a ó pè. "Wá bá mi di í mú" kò tíì tán lẹ́nu àwọn ọ̀gá títí di òní yìí. Kí fáìsì tó dé, ọmọ iṣẹ́ ni fáìsì.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹmú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ fi jọra. Gbogbo wọn ni ó ń rẹ̀. Ẹmú ń di irin mú níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá ṣì ń fún un ni. Bí ọwọ́ bá dẹ̀, ẹmú dẹ̀. Fáìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti fún un tán, a lè fi í sílẹ̀ kí a lọ jẹun, kí a padà wá, kí a sì bá irin wa níbi tí a fi í sí. Ohun tí ó fún un ní agbára yìí ni ọ̀pá irin tí ó wà nínú ikùn rẹ̀, tí ìlà gbọọrọ kan yí i po láti ìdí dé orí. Súkúrù ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ọ̀pá náà. Ìlà yẹn ni ìtàn yìí dá lé lórí.

Ọ̀RỌ̀ MẸ́TA NÍNÚ AṢỌ KAN

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ojú-ìwé kan nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà iṣẹ́ ọwọ́ pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé kí oníṣẹ́ "de irin náà mọ́ inú ìwà ìbàjẹ́." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́ náà nìkan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wọ aṣọ kan náà fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára tan.

Àkọ́kọ́ ni *vice* tí ó túmọ̀ sí ìwà ìbàjẹ́. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì *vitium*, tí ó jẹ́ àbùkù tàbí àléébù, ni ó ti wá. Èkejì ni *vice* tí a máa ń fi síwájú orúkọ oyè, èyí tí àwa ń pè ní igbákejì. Inú *vicis* ni ìyẹn ti wá, tí ó ní í ṣe pẹ̀lú dídúró ní ipò ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta ni *vice* tí ó jẹ́ fáìsì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi lẹ́tà *s* kọ kí ó má bàa dàrú mọ́ àwọn yòókù. Èdè Faransé àtijọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. *Vis* ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, súkúrù ni ó sì túmọ̀ sí. Faransé náà rí i láti inú Látìnì *vitis*. Kí ni *vitis*? Ìtàkùn àjàrà ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo pa ìwé dé, mo sì jókòó fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wo ọ̀pá onílà yẹn tí ó sì pè é ní ìtàkùn, ó rí ohun tí ọmọ Yorùbá èyíkéyìí ti rí nínú oko: bí ìtàkùn ṣe ń lọ́ mọ́ igi, tí ó ń yí i po, tí ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí a kò sì lè fà á kúrò lára igi mọ́. Àwa náà mọ agbára ìtàkùn, a sì mọ ibi tí ó mọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè odò, tòun tẹrin ni yóò jọ lọ. Ìtàkùn irin nìkan ni mo mọ̀ tí ó lè ní kí erin dúró, tí erin yóò sì dúró.

Súkúrù ti pẹ́ láyé. Ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní lẹ́yìn ikú Olúwa wa, àwọn ará Róòmù ti ń fi súkúrù onígi ńlá fún omi èso àjàrà àti òróró ólífì. Nínú ìwé àwòrán kan tí Martin Löffelholz ní kí wọ́n ṣe fún òun ní ìlú Nuremberg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1505, a ti rí tábìlì iṣẹ́ tí ó ní súkúrù tí ń di igi mú. Ìwé náà wà ní ìlú Kraków ní ilẹ̀ Pólándì lónìí.

Ìyọnu ayé ìgbà náà ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé ìlà súkúrù. Súkúrù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì di aláìwúlò, nítorí kò sí òmíràn ní gbogbo ayé tí yóò bá a mu. Ní nǹkan bí ọdún 1800 ni Henry Maudslay, alágbẹ̀dẹ ẹ̀rọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ẹ̀rọ tí ó lè gé ìlà yìí lọ́nà tí súkúrù kan kò fi ní yàtọ̀ sí èkejì. Joseph Whitworth, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ Maudslay, ni ó wá dá a lábàá ní ọdún 1841 pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò sórí ìwọ̀n kan náà. Ó ní kí igun tí ó wà láàárín ìlà àti ìlà jẹ́ ìwọ̀n 55. Láti ìgbà náà ni bóòtù tí a ṣe ní ìlú kan ti lè wọ inú nọ́ọ̀tì tí a ṣe ní ìlú mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ wa ṣe sí àkọtọ́ Yorùbá jọ èyí. Ìfẹnukò ni àkọtọ́. Ìfẹnukò ni súkúrù náà.

OJÚ IRIN ÀTI ÀWỌN TÍ Ó DÚRÓ

Báwo ni fáìsì ṣe wá dé ọ̀dọ̀ bàbá mi? Ọ̀nà tí ó gbà wọ ilẹ̀ wa kò lè jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà wọ ilé wa hàn kedere. Ojú irin ni.

Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1901, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1912, wọ́n da ojú irin Èkó pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti Bárò lọ sí Kánò, gbogbo rẹ̀ sì di Rélùwéè Nàìjíríà. Ọkọ̀ tí ń sáré lójú irin kò lè ṣe kí ó má bàjẹ́, a kò sì lè máa gbé gbogbo èyí tí ó bá bàjẹ́ padà sí òkè òkun. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ àtúnṣe ńlá fi wà ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ti kọ́ iṣẹ́ fítà, tí wọ́n ń dúró ti fáìsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Mo ní wọ́n ń *dúró*, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Agbẹ́gilére ń jókòó. Alágbẹ̀dẹ ń bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó jókòó sórí àpótí kúkúrú. Fítà ní tirẹ̀ ń dúró ni, ẹsẹ̀ kan síwájú, èkejì sẹ́yìn, fáìlì lọ́wọ́. Fáìsì yí ìdúró ara ènìyàn padà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún 1959 ni bàbá mi wọ Rélùwéè gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Ó sọ fún wa pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún òun ni irin kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, pé kí òun há a sínú fáìsì, kí òun sì fi fáìlì rẹ́ ẹ títí tí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́jú tí igun rẹ̀ yóò sì dọ́gba. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ́ ẹ. Nígbà tí ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó sì jù ú sínú garawa. Ó ní, "Mú òmíràn." Bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín bí ó bá dé ibí yìí nínú ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí a rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí náà ni ó ti kọ́ òfin kan tí ó máa ń sọ fún mi: orí fáìsì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ ẹni tí ń lò ó. Bí ó bá ga jù, apá á máa ro ó; bí ó bá kúrú jù, ẹ̀yìn á máa dùn ún. Nígbà tí ó kan tábìlì iṣẹ́ tirẹ̀ nílé, ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi wọ̀n ọ́n.

Ó fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ náà. Mo dúró tì í fún nǹkan bí oṣù méjì nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ kan, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé wá sí ìdí tábìlì. Ó rí i. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá dì mú, dì í mú."

ÈDÈ INÚ ILÉ IṢẸ́

Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kó ọ̀rọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kó owó oṣù bọ̀. Fítà, fáìlì, bóòtù, nọ́ọ̀tì, wáṣà, sípánà, fáìsì: kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jókòó láti fọwọ́ sí wọn. Etí ni wọ́n fi gbà wọ́n, ẹnu Yorùbá sì tún wọn ṣe ní ìbámu pẹ̀lú òfin tirẹ̀.

Ẹ wo fáìsì fúnra rẹ̀. Èdè wa kò ní ìró tí lẹ́tà *v* dúró fún, nítorí náà *f* ni ó gba ipò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú Dáfídì, Léfì àti Éfà nínú Bíbélì wa. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì bí *s* parí ọ̀rọ̀, nítorí náà ni *ì* ṣe wá sí ìparí. Ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi agbára pe ọ̀rọ̀ náà ni àwa fi ohùn òkè sí, a sì jẹ́ kí ìyókù wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún bọ́ọ̀lù àti kóòtù. Ọkùnrin tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ṣì í.

Kí ló dé tí wọn kò fi kúkú pè é ní orúkọ Yorùbá? Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn, ìdáhùn tí mo sì ń fún wọn tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀lẹ ni ó fà á. Mo ti yí ọkàn padà. Ìdí kan, lójú tèmi, ni pé ilé iṣẹ́ Rélùwéè kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láti ọjọ́ 22 oṣù Òkúdu ọdún 1945, tí ó sì lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà, àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè wà níwájú, Michael Imoudu tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀rà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn. Ẹni tí ó ń bá ọmọ Ẹdó, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Hausa ṣiṣẹ́ ní ìdí tábìlì kan náà nílò ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn yóò jọ gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oníṣẹ́ kì í ṣe aláìlè-dá-ọ̀rọ̀. Àwọn kan náà ni ó sọ ẹni tí ń fi iná so irin pọ̀ ní jórinjórin, gẹ́gẹ́ bí a ti ní kanlékanlé àti ránṣọránṣọ. Wọ́n yá èyí tí ó wù wọ́n, wọ́n sì dá èyí tí ó wù wọ́n.

BÁBÁ FÍTÀ ÀTI IRIN TÍ Ó DI

Nígbà tí mo gbé fáìsì náà dé ilé mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo gbé òòlù, mo sì fi lu ọwọ́ rẹ̀ kíkankíkan. Kò mira. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, mo wà á lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tí àwọn jọ ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Fítà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Akọ̀wé, dìde. Kí lo gbé wá?"

"Fáìsì bàbá wa ni, sà. Ó ti di. Mo lù ú lánàá, kò dáhùn."

Ojú rẹ̀ yí padà. "O lù ú? Ṣé irin lílù ni wọ́n sọ fún ọ pé ó jẹ́? Irin dídà ni. Yíyọ́ ni wọ́n yọ́ ọ tí wọ́n dà á. Irin tí a lù á tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n irin tí a dà kò mọ ìtẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Má lù ú mọ́."

Ó ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún mi. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá bá irin jà, ìpẹtà tí wọ́n ń sọ ọ́ dà máa ń gba àyè ju irin tí ó ti wá lọ. Nítorí náà, nínú àyè tóóró tí ó wà láàárín súkúrù àti nọ́ọ̀tì, ńṣe ni ìpẹtà ń wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, tí ó sì fún méjèèjì mọ́ra. Ó ní kí n po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí n máa kán an sí i láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí n má sì fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi pé.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ jórinjórin kan. Bàbá Fítà jókòó sórí àga, ó ń darí rẹ̀: kí ó jẹ́ kí iná jìnnà, kí ó máa rìn yíká, kí ó má ṣe dúró sójú kan, nítorí irin dídà tí apá kan rẹ̀ gbóná ju èkejì lọ lè là. Nígbà tí ara fáìsì ti móoru dáadáa, ó ní kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fi ipá ṣe é. Yí i sí òsì díẹ̀, kí o sì dá a padà sí ọ̀tún. Bí ó bá fún ọ ní ìwọ̀n èékánná kan, gbà á, kí o sì dúpẹ́."

Mo yí i. Kò lọ. Mo tún yí i. Ohùn kan jáde láti inú ikùn rẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ bá ń ṣí. Ọwọ́ náà lọ ní ìwọ̀n èékánná kan. Mo wo Bàbá Fítà. Omi ti lé róró sí i lójú, ó sì ní kí jórinjórin pa iná nítorí èéfín.

Nílé, mo tú u palẹ̀. Mo yọ píìnì tí ó wà lẹ́yìn ẹnu tí ń rìn, wáṣà rẹ̀, àti sípíríǹgì tí ń ti ẹnu náà ṣí bí a bá tú u. Mo fa súkúrù jáde pátápátá. Ìlà rẹ̀ nípọn, ó sì ṣì dára, àfi níwájú tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ díẹ̀. Mo kó àwọn kékeré sínú fínígà mọ́jú, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ara ńlá náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀: irin tí nǹkan kíkan bá ti fọ̀ gbọ́dọ̀ rí omi tó mọ́, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpẹtà mìíràn á ti bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó ṣú.

Bí mo ti ń fọ̀ ọ́ ni ọ̀dà búlúù ń yọ lábẹ́ ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ńláńlá hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: RECORD, No. 3, MADE IN ENGLAND. Mo wọn ẹnu rẹ̀, ó jẹ́ íǹṣì 4 géérégé. Ìlú Sheffield ni ó ti wá, láti ilé iṣẹ́ C. & J. Hampton tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1898, tí ó sì gba orúkọ Record fún ọjà rẹ̀ ní ọdún 1909. Ohun tí n kò retí wà ní ìdí fáìsì náà, níbi tí ó ti ń jókòó lé tábìlì. Bàbá mi ti fi pọ́ǹṣì lu lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì lu ọdún kan tẹ̀ lé e: 1967. Ọdún tí ó rà á nìyẹn. Mo kun gbogbo ara rẹ̀ ní ọ̀dà búlúù tuntun, ṣùgbọ́n n kò kun ibẹ̀. Ọ́ìlì nìkan ni mo fi pa á.

ẸNU, EYÍN, ỌWỌ́

Nígbà tí Bàbá Fítà wá wò ó, mo sọ fún un pé mo ti ń ronú orúkọ Yorùbá kan fún nǹkan yìí. Mo ní kí a máa pè é ní *ìdìmú*.

Ó ronú díẹ̀. "Ìdìmú kì í ṣe orúkọ àdúgbò kan l'Ékòó ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ lé fáìsì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ fún mi bí ẹni tí ń fi ọmọ hàn: "Ẹnu rẹ̀ rè é. Eyín ẹnu rẹ̀ nìyí, ó ti fẹ́ jẹ tán, wá àwọn tuntun fún un. Ọwọ́ rẹ̀ rè é. Ikùn rẹ̀ nìyí. Ìdí tí ó fi ń jókòó nìyí. Bí o bá há nǹkan sí i lẹ́nu, o ó *fún un*; bí o bá ṣe tán, o ó *tú u*; bí ó bá ti dára, a ó ní ó ti *mú*. Kí ló kù tí kì í ṣe Yorùbá níbẹ̀?"

N kò rí èsì fọ̀. Lóòótọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni a yá. Gbogbo ara rẹ̀, láti ẹnu dé ìdí, àti gbogbo ohun tí a ń fi í ṣe, tiwa ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe *mú* tí ó wà nínú ẹmú alágbẹ̀dẹ náà ni ó tún ń sọ bóyá fáìsì ṣiṣẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sí nínú ìwé kankan tí mo ní, ẹnu àwọn àgbàlagbà bíi rẹ̀ ni wọ́n wà. Èmi tí mo ń wá orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò pè rí, mo fẹ́ jẹ́ kí òjò ọdún mọ́kànlá mìíràn rọ̀ sórí àwọn tí ó ti wà.

Fáìsì náà ti padà sórí tábìlì bàbá mi, èyí tí mo gbé wá sí ẹ̀yìn ilé mi. Nígbà tí mo dúró tì í, mo rí i pé ìgbọ̀nwọ́ mi fi ìka méjì rẹlẹ̀ sí orí rẹ̀. Bàbá mi ga jù mí lọ. Káfíńtà kan ní òun lè gé ẹsẹ̀ tábìlì náà kúrú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Mo wá pákó kan tí ó nípọn tó ìka méjì, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, orí rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ mi obìnrin bá mi níbẹ̀, ó yí ọwọ́ fáìsì náà títí tí ó fi di ègé irin kan mú. Ó bi mí pé, "Dádì, kí ni wọ́n ń pe èyí ní Yorùbá?"

Mo ní, "Fáìsì."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò yín, ti mẹkáníìkì, ti jórinjórin tàbí ti alágbẹ̀dẹ. Ẹ kí ọ̀gá ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ ní kí ó dárúkọ ẹ̀yà ara irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ má ṣe fi í dọ̀la.